Fèrèsé Kẹjọ

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù kẹrin

Òjò tún wọ yàrá Màmá lánàá. Abẹ́ fèrèsé ni omi ti ń yọ́ wọlé, ó rin ẹsẹ̀ ibùsùn, ó dé ibi tí bàtà wọn wà. Mo fi aṣọ ìnulẹ̀ dí i, aṣọ mu omi yó, omi ṣì ń bọ̀. Igi férémù náà ti jẹrà débi pé ìka mi wọ inú rẹ̀ bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Ikọ́ Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú ilé yìí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n fi ìka nu ògiri abẹ́ fèrèsé, ó fi èbu dúdú tó yọ sí ìka rẹ̀ hàn mí. "Èyí ni wọ́n ń fà símú, sà. Tí ẹ ò bá wá nǹkan ṣe sí fèrèsé yìí, oògùn tí mò ń fún wọn, asán ni."

Ìyàwó mi ní ká kúkú pààrọ̀ gbogbo fèrèsé ilé, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo gbà. Owó tí mo ń tọ́jú fún ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ló máa bá a lọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń rán, bó tilẹ̀ ń pariwo.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ilé iṣẹ́ onífèrèsé rán ọkùnrin kan wá wọn ilé. Teèpù rẹ̀, irin ni, kì í ṣe irú èyí tí mò ń gbé kọ́rùn. Mo ti sọ ọ́ ní Oníteèpù. Ó wọn ti ṣọ́ọ̀bù mi níwájú, ó wọn ti pálọ̀, ti ilé ìdáná, ti yàrá wa. Ó wọn òkè, ó wọn àárín, ó wọn ìsàlẹ̀ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Bí èmi náà ṣe ń wọn oníbàárà nìyẹn, torí èjìká ọ̀tún kì í bá tòsì dọ́gba lára ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kan yàrá Màmá, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti wúkọ́ títí. Mo ní kó má jí wọn, ọ̀kan náà ni fèrèsé wọn pẹ̀lú ti yàrá wa. Òun náà ní òun ò lè jí àgbà. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo fọwọ́ síwèé. Ojú ìwé mẹ́fà, nọ́ńbà ju ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Obìnrin tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn ní ohùn tó tutù.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò. Aṣọ ìnulẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún

Wọ́n pè. Ajé ni wọ́n ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa fi ṣe é. Obìnrin náà ka òfin sí mi létí: kí a tú gbogbo kọ́tìnì, kí a sún ohun gbogbo kúrò lẹ́bàá fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí a bo ibùsùn àti àga, kí ẹni tó bá ń wúkọ́ má sí nílé torí eruku.

Àbúrò mi obìnrin ní òun á gba Màmá sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta náà. Mo bi nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ò burú, sà. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó pẹ́. Ẹni tó bá ti ń gbàgbé nǹkan, wọn kì í gbé e kiri. Yàrá wọn yẹn ló ń bá wọn rántí."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọdún tó kọjá, tí Màmá bá fẹ́ pè mí, wọ́n á kọ́kọ́ pe bàbá mi, wọ́n á pe àbúrò wọn tó ti kú, kó tó wá kàn mí. Àmọ́ tí wọ́n bá ti wà nínú yàrá wọn, kò sí ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ń dá lọ ilé ìwẹ̀, wọ́n ń dá bọ̀. Wọ́n mọ dùrọ́ọ̀ tí súìtì wà, wọ́n sì mọ iye tó kù níbẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbé Màmá lọ sílé àbúrò mi. Àjà kẹta ló ń gbé, a sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni o, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí o máa sọ ọ́ nìyí. Orí ló ń gbàgbé, etí mi ò tíì di."

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ fọwọ́ kan súìtì àwọn.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ọkùnrin mẹ́rin dé ní aago mẹ́jọ, fèrèsé mẹ́jọ nínú ọkọ̀ wọn, tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ọ̀gá wọn sanra, ó ní irùngbọ̀n, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n sọ. Mo ní eruku ń fò lọ sórí aṣọ oníbàárà mi. Ó ní, "Kò sí wàhálà." Mo ní ògiri ń bá férémù bọ̀. "Kò sí wàhálà." Mo ní èkúfọ́ gíláàsì wà lórí pẹpẹ ìgéṣọ mi. Ó fi ọwọ́ gbá a sílẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn láti òní lọ.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ariwo rẹ̀ tó báyìí. Ṣísẹ́ẹ̀lì, òòlù, ẹ̀rọ tó ń lu ihò. Eyín mi ń dùn mí. Eruku wọ inú ìkòkò tí a dé, ó wọ inú bàtà, ó wọ inú àpò tí mo pa sípù rẹ̀. Kóòtù funfun tí oníbàárà kan ń bọ̀ wá gbà lọ́la ti di aláwọ̀ eérú. Mo fọ̀ ọ́, mo ń lọ̀ ọ́, mo sì ń bú ara mi. Ìyàwó mi ní, "Dadi, ẹ ṣe sùúrù, ọjọ́ mẹ́ta ni." Bí ẹni pé òun kọ́ ló pariwo mọ́ Kò-Sí-Wàhálà lọ́sàn-án nítorí ìkòkò rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Fèrèsé mẹ́rin ti wọlé, wọ́n sì jókòó dáadáa. Wọ́n fi fóòmù dí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù fà á yí ká. Mo fi ìka kan ti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó yọ̀ lọ láìdún.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Méje wọlé. Wọ́n fi ti Màmá ṣe ìkẹyìn. Wọ́n ti yọ ti àtijọ́, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ wọn, igi tó ti jẹrà, kí ló tún kù? Wọ́n gbé tuntun, wọ́n tì í wọ inú ihò, ihò náà sì fẹ̀ jù ú lọ. Kì í ṣe ìka kan tàbí méjì. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sínú àlàfo náà, ó gbà á.

Mo yíjú sí Kò-Sí-Wàhálà, mò ń dúró kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Nígbà tó yá ó ní òun lè to igi sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí òun fi fóòmù kún un, kí òun rẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní omi ńkọ́? Ó họ irùngbọ̀n. Ó ní kí òun má purọ́ fún mi, ibẹ̀ náà ni omi máa gbà tó bá di ọdún méjì, àti pé ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fún mi ò ní bá fèrèsé yẹn lọ mọ́. Mo ní mi ò gba àlẹ̀mọ́. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ, mi ò lẹ aṣọ tuntun fún ẹnikẹ́ni rí, n ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí ìyá mi. Ó ní kí wọ́n ṣe òmíràn nìyẹn. Wọ́n kan pákó mọ́ ihò náà, wọ́n ta ọ̀rá lé e, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ.

Mo pe àbúrò mi pé ó máa lé ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo pe ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, nítorí náà mi ò dákẹ́. Wọ́n fi orin sí mi létí títí mo fi mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tí obìnrin olóhùn tútù gbé e, ó ní ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún tuntun.

Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Ìyá mi ò sí nílé!"

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé nǹkan mìíràn wà tí ẹ fẹ́ ká ṣe fún yín lónìí?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù mọ́ fèrèsé tuntun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Oníteèpù fúnra rẹ̀ wá. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mi ò jẹ́ kó jókòó, gbogbo ohun tí mo ti tọ́jú fún obìnrin orí fóònù ni mo dà lé e lórí. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, mo ní ṣé ojú lásán lo fi wọn fèrèsé ìyá mi? Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ẹ má bínú, sà. Màmá ń sùn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má jí wọn, pé ọ̀kan náà ni. Mo wá kọ ti yàrá yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní irọ́ ni. Ó ní kò burú, òun máa gba ẹ̀bi náà ní ọ́fíìsì. Ó sì ṣe é, torí wọ́n pè lọ́sàn-án pé mi ò ní san nǹkan kan lórí tuntun.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo ṣí ìwé yìí padà sí ọjọ́ kọkànlá oṣù tó kọjá. Ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo tún yìn ín lé e lórí pé ó lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi tí mo mọ̀ pé Bàbá fi yàrá yẹn kún ilé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, pé bíríkìlà mìíràn ló kọ́ ọ! Èmi tí mò ń lé oníbàárà padà tó bá ní kí n lo ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n òun torí pé àwọn jọra! Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi. Ojú ń tì mí.

Mo pe Oníteèpù, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò tọ́ kí àgbà máa bẹ òun. Ìyẹn tún dùn mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyàwó mi dá a lábàá pé ká mú Màmá wálé, kí wọ́n máa sùn ní yàrá wa, kí àwa lọ sí pálọ̀. Mo ní ọgbọ́n nìyẹn. A gbé wọn wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ò tíì jókòó dáadáa tí eruku simẹ́ńtì àti òórùn gọ́ọ̀mù fi gbá wọn mú. Wọ́n wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn, ètè wọn ń dúdú. Nọ́ọ̀sì sọ lórí fóònù pé ká gbé wọn jáde kíákíá. Kí aago mẹ́rin tó lù, wọ́n ti padà sí àjà kẹta. Nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi àbúrò mi pé, "Kí ló dé tí kò mú mi dání?"

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo fi aṣọ tútù nu gbogbo ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo sọ òótọ́ fún ìyàwó mi. Ó wò mí, ó ní, "Mo ti mọ̀. Mo wà nílé ìdáná lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ yín." Ì bá kúkú bú mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ wo Màmá. Ìgbà wo la ń lọ sílé? Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀meje, mo ka á. Àbúrò mi ní wọ́n ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti wá ilé ìwẹ̀. Ikọ́ ti lọ pátápátá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìjì jà lọ́sàn-án. Ọ̀rá ya, pákó yàrá Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Èmi àti ìyàwó mi fi ẹ̀yìn tì í, a dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, omi ń ṣàn wọ ọrùn wa. Fèrèsé méje yòókù ò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan wọlé. Mo bínú sí wọn.

Ọ̀rá tuntun ti gbówó lórí sí i. Mo rà á.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Màmá ò béèrè ilé lónìí. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ súìtì tí mo mú wá, wọ́n ní ẹ ṣeun. Ara tù mí díẹ̀, mo rò pé wọ́n ti ń mọ́ra. Àbúrò mi sìn mí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń fi ọwọ́ nu irin ibẹ̀ bí ẹni tí ń nu eruku.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ìgbà tí wọ́n ń béèrè ló dáa."



Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà

Mo pe ọ́fíìsì. Mo pè wọ́n láàárọ̀, mo pè wọ́n lọ́sàn-án. Mo bẹ̀ wọ́n, èmi tí mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Obìnrin náà bi mí pé kí ló ń ṣe Màmá gan-an, mo sì sọ fún un. Ó ní bí ìyá òun náà ṣe rí nìyẹn, kí òun wo ohun tí òun lè ṣe.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ó pè. Ìṣẹ́gun ló máa jẹ́, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Ó jà gba ọjọ́ méjì fún wa. Mo ti ń bú obìnrin yìí láti bí oṣù kan.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Kí wọ́n tó tú fèrèsé tuntun kúrò nínú ọ̀rá, mo gbé teèpù kúrò lọ́rùn mi, mo wọn fèrèsé náà, mo wọn ihò. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí, kò yọ mí lẹ́nu. Fèrèsé náà wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Fóòmù, síkúrù, gọ́ọ̀mù, ó tó bíi wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà Kò-Sí-Wàhálà bu omi sínú korobá, ó dúró níta, ó dà á lu fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fi ọwọ́ pa ògiri nínú. Ó gbẹ.

"Ó tán, Bàbá," ó ní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sórí ibùsùn Màmá tí ọ̀rá ṣì bò, mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

A ń fọ ilé. A ṣí gbogbo fèrèsé kí òórùn gọ́ọ̀mù lọ. Nọ́ọ̀sì wá, ó fi imú fa yàrá náà, ó ní ó di Àìkú kí Màmá tó padà. Ìyàwó mi lọ aṣọ ibùsùn wọn. Mo to nǹkan wọn padà bí ó ṣe wà: àga sí ọ̀tún, bàtà sí ẹsẹ̀ ibùsùn, dùrọ́ọ̀ sí ibi tó wà. Kọ́tìnì àtijọ́ kúrú díẹ̀ lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́, mo tú etí rẹ̀, mo fà á gùn. Mi ò rán tuntun, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n mọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn ràn. Màmá dé nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, èmi àti àbúrò mi dì wọ́n mú lápá. Wọ́n rìn gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gba pálọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá, mo jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé.

Wọ́n jókòó sí etí ibùsùn. Wọ́n wo fèrèsé títí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ẹ̀yìn ìka kan gíláàsì náà, wọ́n ní, "Ó mọ́." Wọn ò wúkọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá. Mo dúró níwájú wọn, inú mi ń dùn bí ọmọdé, mò ń retí kí wọ́n ṣàwàdà lé e.

"Fèrèsé yín yìí dáa o. Ta ló bá yín ṣe é?"

Mo ní, "Màmá, yàrá yín nìyí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí èèyàn ń fi yẹ́ ẹni tó gbà á lálejò sí. "Ẹ ṣeun. Ẹ tọ́jú mi gan-an. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi kó wá mú mi lọ sílé. Télọ̀ ni. Á ti máa wá mi kiri báyìí."

Àbúrò mi yára jáde kúrò nínú yàrá. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, kò lè wọlé, kò lè padà. Mo ní mo ti pè é, Màmá, ó ti wà lọ́nà.

Wọ́n ní ẹ ṣeun. Mo fa àga sún mọ́ ibùsùn, mo jókòó tì wọ́n, a jọ ń retí mi.